Ọ̀gá tó ní òun ń fojú mọ òṣìṣẹ́ rere

Ọ̀gá tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sábà máa ń sọ pé, "Bí mo bá ti rí èèyàn báyìí, mo ti mọ̀ bóyá á ṣe é." Wọn a ní ìfura loògùn àgbà. Irú ìgbàgbọ́ yìí ń jẹ́ kí wọ́n gba ẹni tí kò kájú ẹ̀ síṣẹ́, kí wọ́n sì lé ẹni tó yẹ padà.

Ìfura, ìyẹn kí ọkàn sọ nǹkan fúnni kéèyàn tó mọ ìdí rẹ̀, wà lóòótọ́, ó sì wúlò. Ibi tí àwọn èèyàn ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ẹ̀bùn ni, tàbí pé ọdún tó pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló ń bí i. Gary Klein, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn panápaná. Ọ̀gá kan nínú wọn kó ọmọọṣẹ́ wọ ilé kan ní Cleveland, iná ń jó ní kíṣìnnì. Wọ́n da omi sí i, kò kú. Lójijì ló ní kí gbogbo wọn jáde. Wọn ò tíì jìnnà tí ilẹ̀ pálọ̀ tí wọ́n dúró sí fi wó: yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni iná ọ̀hún ti ń jó gan-an. Ọkùnrin náà gbà pé agbára àràmàǹdà kan ló kó òun yọ. Nígbà tí Klein tú ọ̀rọ̀ náà wò, pálọ̀ ti gbóná ju ti iná kíṣìnnì lọ, iná náà ò pariwo, omi ò sì ràn án. Kò jọ àwọn iná tó ti ń pa bọ̀. Ara rẹ̀ ti mọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó lè sọ ọ́.

Ní 2009, Klein àti Daniel Kahneman, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá bíi tirẹ̀, jọ kọ̀wé lórí ìgbà tó yẹ ká gba ìfura gbọ́. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní àmì tó ṣeé gbára lé, ẹni tó ń ṣe é sì gbọ́dọ̀ máa rí àyọrísí ìpinnu rẹ̀ kíákíá. Panápaná ní méjèèjì. Mẹkáníìkì tó ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà ní in. Ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ ń kọ́? Ó lè lo oṣù mẹ́fà kó tó mọ irú ẹni tó gbà, kò sì ní í gbúròó ẹni tó lé padà mọ́. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún kó má rí nǹkan kan kọ́. Ohun tó ń pè ní ìfura lè máà ju pé ẹni náà mọ ọ̀rọ̀ sọ, tàbí pé ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n.

Kahneman ti rí ọ̀nà àbáyọ ní 1955, nígbà tó wà nínú iṣẹ́ ológun Ísírẹ́lì. Bí ẹ ṣe lè lò ó rèé: ẹ yan ìwà mẹ́fà tí iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbani sí nílò. Ẹ béèrè ohun tí ẹni náà ti ṣe rí, bó jẹ́ olùtọ́jú ọjà ni, ẹ bi í pé: "Ìgbà wo ni ọjà ilẹ̀ ò bá ìwé mu gbẹ̀yìn, kí lẹ sì ṣe?" Ẹ fún un ní máàkì láti 1 dé 5 lórí ìwà kan kí ẹ tó bọ́ sórí òmíràn. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá parí, torí ohun kan ṣoṣo tó wù yín lára rẹ̀ á kun gbogbo ìyókù. Bẹ́ ẹ bá pé méjì, kí ẹnikẹ́ni má fi máàkì rẹ̀ han èkejì kí àwọn méjèèjì tó kọ tiwọn tán.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ di ojú, kí ẹ fi ọkàn wo ẹni náà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ tún fún un ní máàkì kan. Ó ya Kahneman lẹ́nu pé máàkì àdìjúfúnni yìí péye tó àròpọ̀ máàkì ìwà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìfura tó tẹ̀lé ẹ̀rí ni. Ẹ tọ́jú ìwé máàkì náà, kí ẹ sì gbé e jáde lẹ́yìn ọdún kan, kí ẹ fi wé iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe.