Bíréèkì sìkútà mi ń rọ̀ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ kò jò níbì kankan: kí ló fà á?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ̀pẹ́ níbí ni ìsọ̀ mi wà, ọ̀kadà àti sìkútà ni mò ń tún ṣe, àwọn tó pọ̀ jù nínú oníbàárà mi sì ni àwọn ìyá àtàwọn ọmọbìnrin tó ń fi sìkútà ra ẹja ní ọjà Olúwo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sétí ọ̀sà, èèyàn á wá di kúlà oníyìnyín sẹ́yìn, bíréèkì nìkan ló kù tó lè gbà á níbẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí.

Ọ̀gá, nígbà tí mo ra sìkútà yìí, mo kàn máa fọwọ́ kan bíréèkì báyìí ni á ti dúró. Ní báyìí mo máa fà á títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan háńdù, bíi pé kànìnkànìn ni mò ń tẹ̀. Mo wo abẹ́ ẹ̀, kò jò. Kí ló dé?

Afẹ́fẹ́ ló ti wọ inú ẹ̀, tàbí omi tó máa ń di ooru tí bíréèkì bá gbóná, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Bíréèkì dísìkì yìí kò ní wáyà bíi ti dúrọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ bíréèkì, písítìnnì kékeré kan wà nínú máásítà lókè, níbi tí agolo ọ́ìlì kékeré yẹn wà lórí háńdù, ìyẹn ló máa ti ọ́ìlì, ọ́ìlì á gba inú hóòsì dé kálípà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà nísàlẹ̀, á ti písítìnnì ti ibẹ̀ náà, páàdì méjèèjì á wá fún dísìkì, irin pẹlẹbẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà, mọ́ àárín. Ọ́ìlì ò ṣeé fún pọ̀, bẹ́ ẹ ṣe tì í lókè náà ló ṣe máa dé ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ṣeé fún pọ̀. Ẹ ra ṣíríńjì méjì ní kẹ́míìsì, ẹ fa omi kún ọ̀kan, ẹ fi ìka dí ẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́, kò ní mira. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ nìkan wà nínú èkejì, ẹ dí òun náà lẹ́nu, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí i pé ó ń wọlé, tẹ́ ẹ bá sì jọ̀wọ́ ẹ̀ á ta padà. Ohun tọ́wọ́ yín ń gbọ́ lórí bíréèkì gan-an nìyẹn.

Ṣebí wọ́n dé e pa, báwo lomi ṣe wá débẹ̀?

Ìbéèrè tó dáa nìyí, torí òun lọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀, bí iyọ̀ tẹ́ ẹ ṣí kalẹ̀ nígbà òjò ṣe máa ń rin. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gba ara rọ́bà hóòsì àti ìdérí agolo wọlé, àwa sì rèé tá a ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà, ojoojúmọ́ ni afẹ́fẹ́ wa tutù.

Ibi tó ti léwu nìyí o. Oríṣi ọ́ìlì bíréèkì ni DOT 3 àti DOT 4. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó tí kò bá tíì gbóná dé 230°C, ṣùgbọ́n tó bá ti fa omi dáadáa, 155°C ni wọ́n fi sí fún un. DOT 3 kéré sí i, 205°C nígbà tó wà ní tuntun, 140°C tó bá ti fa omi. Ẹ wá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, ẹ fa bíréèkì mọ́lẹ̀ látòkè délẹ̀, dísìkì gbóná, kálípà gbóná, omi inú ọ́ìlì hó, ó di ooru, ooru sì ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bíréèkì á lọ pátápátá.

Ìyá kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣì ń gbọ̀n, wọ́n ní nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn dé ìsàlẹ̀ ni ọwọ́ bíréèkì wọlé tán láìdì í mú, inú yanrìn ẹ̀gbẹ́ títì làwọn darí ẹ̀ sí. Ìgbà tí mo fa bíréèkì náà, ó le dáadáa. Mẹkáníìkì míì á ní irọ́ ni wọ́n ń pa, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì yẹn ló ti tutù, tí ooru ti padà di omi. Mo ṣí agolo, ohun tí mo bá níbẹ̀ pọ́n bí omi àgbo, tuntun sì máa ń mọ́ gaara ni, ó lè pọ́n díẹ̀ bí oyin tó ṣàn. Ọdún méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, kódà kẹ́ ẹ má gùn ún púpọ̀, torí kò dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá gùn ún kó tó máa fa omi.

Ṣebí háídírọ́líìkì ni wọ́n pè é, ṣé mi ò lè rọ háídírọ́líìkì sítíárì ọkọ̀ sí i?

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́! Orúkọ ló jọra. Ọ́ìlì sítíárì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, epo bẹntiróò, gbogbo wọn ló ń mú kí rọ́bà inú máásítà àti kálípà wú, tó bá ti wú, bíréèkì lè dì mọ́lẹ̀ kó má tú, ó sì lè má dì mú rárá. Tẹ́ni kan bá ti rọ ọ́ sí i, ká kàn dà á nù kò tó, gbogbo rọ́bà ẹ̀ la máa yọ, hóòsì náà á kúrò. Ẹ wo orí ìdérí agolo, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá DOT 3 ni tàbí DOT 4, òun ni kẹ́ ẹ rà. DOT 5 yàtọ̀ o, sílíkóònù nìyẹn, ẹ má pò ó mọ́ wọn.

Ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ nínú agolo, ṣé kí n kàn bù kún un?

Ẹ wo páàdì ná. Bí páàdì bá ṣe ń jẹ ni písítìnnì ń jáde, ọ́ìlì á tẹ̀ lé e lọ sísàlẹ̀, kò jò rárá. Tẹ́ ẹ bá kún un tán, tẹ́ ẹ wá fi páàdì tuntun sí i, á kún àkúnwọ́sílẹ̀ sára ọ̀dà, ó sì máa ń bó ọ̀dà, omi ni kẹ́ ẹ tètè dà sí i. Tí páàdì bá nípọn tí ọ́ìlì ṣì ń lọ, ó ń jò níbì kan nìyẹn.

Báwo lẹ ṣe ń bílíìdì ẹ̀, ìyẹn kẹ́ ẹ lé afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì àtijọ́ jáde? Mi ò fẹ́ kí wọ́n tàn mí jẹ.

Ẹ dúró tì í kẹ́ ẹ wò ó. Ó gbọ́dọ̀ fi àkísà nu ìdérí dáadáa kó tó ṣí i, kí yanrìn má bàa wọlé. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ike ọ́ìlì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lójú yín, kì í ṣe èyí tó ti ṣí láti ọdún èṣín. Èmi máa ń fi okùn dírìpù bọ nípù kálípà, ìyẹn ẹnu kékeré tí ọ́ìlì ń gbà jáde lára ẹ̀, torí okùn náà mọ́, mo máa ń rí inú ẹ̀, mo sì máa ń ki ẹnu ẹ̀ kejì bọ inú ọ́ìlì díẹ̀ nísàlẹ̀ ike. Màá fa ọwọ́ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta, màá dì í mú, màá fi sípánà 8 tú nípù díẹ̀, ọ́ìlì pípọ́n á tú jáde pẹ̀lú ìfófòó, màá dì í padà kí n tó jọ̀wọ́ ọwọ́ bíréèkì. Tí mo bá kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ẹ̀, afẹ́fẹ́ tó jáde á tún fà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe é lọ, màá máa kún agolo lókè kó má gbẹ láé, torí tó bá gbẹ, ẹ̀yìn la tún padà sí. Ìgbà tí ọ́ìlì inú okùn bá mọ́ tí ìfófòó ò sí mọ́, ó parí.

Ó ń dún kíín-kíín, wọ́n ní kí n fọ́n ọ́ìlì díẹ̀ sí dísìkì.

Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ pa yín. Omi àti ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ dísìkì, kẹ́ ẹ nu ún gbẹ. Páàdì tó bá ti mu ọ́ìlì, ẹ sọ ọ́ nù.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi páàdì tuntun sí i, ṣé mo lè gbéra?

Ẹ dúró ná. Wọ́n ti ti písítìnnì wọlé kí páàdì lè ráyè, torí náà fífà àkọ́kọ́ lè má dì mú rárá, mo mọ ẹni tó ti ibi tí wọ́n ti tún un ṣe wọ inú gọ́tà. Ẹ fà á, ẹ tún fà á, níbi tẹ́ ẹ dúró sí, títí á fi le dáadáa lọ́wọ́ yín, ẹ wá rọra rìn díẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kẹ́ ẹ tún fà á wò, kẹ́ ẹ tó kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.