Wine kì í ṣe Windows tí wọ́n há mọ́nú Linux

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí Windows bọ́ sórí Linux kì í pẹ́ gbọ́ pé ètò tó jẹ́ ti Windows nìkan ṣì lè ṣiṣẹ́ bó bá lo Wine. Á fi Wine sórí ẹ̀rọ, ètò náà á ṣí, á sì gbà pé Windows kékeré kan ti wà nínú kọ̀ǹpútà òun, tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú àpótí tirẹ̀. Èrò yìí ló ń bí ìyókù. Á ní Wine ló ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn, á máa wá nọ́ńbà àṣẹ Windows kiri, á retí pé driver ẹ̀rọ ìtẹ̀wé (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀) máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé á máa fi ìfọ̀kànbalẹ̀ ṣí fáìlì tí kò mọ ibi tó ti wá, torí pé inú àpótí ló wà.

Kò sí àpótí kankan. Kò sì sí Windows níbẹ̀. Orúkọ náà gan-an ń jiyàn rẹ̀: Wine Is Not an Emulator ni lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró fún, ìyẹn ni pé Wine kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ẹ̀rọ mìíràn.

Ètò Windows àti ètò Linux tí wọ́n kọ fún irú processor kan náà, èdè kan náà ni wọ́n ń bá processor yẹn sọ. Ohun tó yà wọ́n ni ẹni tí wọ́n ń ké pè nígbà tí wọ́n bá nílò nǹkan. Bí ètò Windows bá fẹ́ ṣí fáìlì, CreateFile ló máa ké pè. Lórí Linux, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wine ló máa ń jẹ́ adelé: kì í ṣe ọba, ṣùgbọ́n òun ló ń dá ẹni tó bá ké sí ọba lóhùn. Ó gba ìpè náà, ó gbé e dé ọ̀dọ̀ kernel Linux, ìyẹn ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, kernel Linux ló sì ṣí fáìlì ọ̀hún. Àwọn nǹkan kéékèèké ló wà nínú iṣẹ́ yìí tí ojú kì í rí. Bí àpẹẹrẹ, Linux ka Iwe.txt àti iwe.txt sí fáìlì méjì, Windows kà wọ́n sí ọ̀kan, nítorí náà Wine lè ní láti tú fódà wò kó tó rí èyí tí ètò ń béèrè.

Bob Amstadt ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1993, Alexandre Julliard sì ti ń darí rẹ̀ láti 1994. Ọdún 2008 ni ẹ̀dà 1.0 tó jáde. Ìdí tó fi pẹ́ tó ọdún 15 ni pé wọn ò da Windows kọ: ńṣe ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn kọ ìdáhùn sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpè, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi nílò nọ́ńbà àṣẹ Windows láti lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ ètò tí ẹ fẹ́ lò fúnra rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn yín.

Ní ti ìyára, processor ń ṣe iṣẹ́ ètò náà tààrà, láìsí ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ibi tó ti máa ń falẹ̀ ni àwòrán, torí pé ìpè Direct3D, tí ètò Windows fi ń ya àwòrán, gbọ́dọ̀ di ti OpenGL tàbí Vulkan tí Linux ń lò. DXVK, tó wà nínú Proton, ẹ̀dà Wine fún eré tí Valve gbé jáde ní 2018, ń ṣe èyí dáadáa fún eré. Bí processor kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ irú ARM tí wọ́n sì kọ ètò náà fún irú x86, ọ̀rọ̀ yí padà: Wine nìkan kò tó, ẹ máa nílò ohun tó ń túmọ̀ ní tòótọ́, bíi Box64 tàbí FEX.

Lórí Debian, báyìí lẹ ṣe máa fi sórí ẹ̀rọ:

sudo dpkg --add-architecture i386
sudo apt update
sudo apt install wine wine64 wine32:i386

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fo ìlà àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn jẹ́ ti 64-bit. Ẹ̀rọ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ setup.exe ṣì jẹ́ 32-bit, kódà nígbà tí ètò inú rẹ̀ jẹ́ 64-bit. Bí apá yìí kò bá sí, "Bad EXE format" lè yọ, ẹni tó rí i á sì máa dáńlóòdù fáìlì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, á rò pé ó bàjẹ́. Lórí Fedora, sudo dnf install wine ti tó.

Ẹ wá pe winecfg, ibi tí a ti ń ṣètò Wine. Ó lè béèrè láti dáńlóòdù Wine Mono, ẹ gbà fún un, torí àwọn ètò .NET ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ wo inú ~/.wine. Fódà lásán lẹ máa bá: drive_c ni "C:", system.reg àti user.reg sì ni registry (ibi tí ètò Windows ń kọ ìṣètò wọn sí), fáìlì ọ̀rọ̀ tí ẹ lè ṣí kà. Gbogbo "Windows" náà nìyẹn. Nítorí fódà ló jẹ́, kò sí ìdí láti da gbogbo ètò pọ̀ sójú kan kí ohun tí ọ̀kan nílò máa ba òmíràn jẹ́. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, WINEPREFIX ló ń sọ fódà tí Wine máa lò:

WINEPREFIX=~/.wine-isiro winecfg
cd ~/Downloads
WINEPREFIX=~/.wine-isiro wine setup.exe

Bó bá jẹ́ fáìlì .msi, wine msiexec /i lẹ máa kọ ṣáájú orúkọ rẹ̀. WINEPREFIX yẹn gbọ́dọ̀ wà níwájú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí ètò náà láti terminal, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa rò pé ó ti sọnù. Bí nǹkan bá dàrú, ẹ kó iṣẹ́ yín kúrò níbẹ̀, kí ẹ pa fódà náà rẹ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ má fi sudo ṣíwájú wine láé. Fáìlì á di ti root, ọ̀gá àgbà ẹ̀rọ, nígbà tó bá sì yá Wine á kọ̀, á ní fódà náà kì í ṣe tiyín. sudo chown -R $USER: ~/.wine ló ń tún un ṣe.

Bí ètò bá kọ̀ láti ṣí, terminal ni kí ẹ ti pè é, kí ẹ ka ohun tó kọ. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fixme, ẹ sábà lè fojú fò ó. Ìlà err:module:import_dll tó ní òun ò rí MFC42.DLL ni ọ̀rọ̀ wà, winetricks mfc42 sì ni oògùn rẹ̀ (winetricks jẹ́ irinṣẹ́ ọ̀tọ̀ tó ń fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sínú fódà Wine). Ohun tí àṣìṣe dárúkọ nìkan ni kí ẹ fi síbẹ̀. Kíkó ogún nǹkan jọ torí pé ẹnìkan ní ó ṣiṣẹ́ fún òun, ìbàjẹ́ ló ń kó wọlé.

Driver kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá, torí pé inú kernel ló ń gbé, kernel yín sì ni Linux. Ẹ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sórí Linux, ètò inú Wine á rí i láti ibẹ̀. Àmọ́ bí ètò bá ń wá kọ́kọ́rọ́ USB tó ní driver tirẹ̀, virtual machine (kọ̀ǹpútà tí ètò dá sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà yín) tó ní Windows gidi nínú ni kí ẹ lò. Àpótí wà níbẹ̀, nọ́ńbà àṣẹ náà sì wà.

Ó wá ku kòkòrò kọ̀ǹpútà. Nínú Wine, "Z:" ni gbogbo Linux yín láti "/" wá, fódà Documents sì sábà máa ń já sí èyí tó wà nílé yín gan-an. Kòkòrò tó ń ti fáìlì pa lè ti àwòrán àti ìwé yín pa láìbéèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kankan, torí ohunkóhun tí ẹ lè kọ sí lòun náà lè kọ sí. Àwọn kan ní kí a yọ Z: kúrò nínú winecfg. Kò burú, ṣùgbọ́n ètò tó gbọ́n lè ké pe kernel Linux tààrà, kó fo Z: dá. Orí virtual machine ni kí ẹ ti ṣí ohun tó bá fu yín lára, bí kò bá sì ṣeé ṣe, inú àkàǹtì mìíràn tí kò lè dé inú fódà yín. Bí ẹ bá ti ṣí i kí ara tó fu yín, ẹ já íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ wineserver -k, pẹ̀lú WINEPREFIX rẹ̀ bó bá ní, kí gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ dúró, kí ẹ tó yẹ fódà yín wò.