Bí Yàrà Ṣe Di Yàrá: Ìtàn Ilé Abẹ́ Ilẹ̀ Láti Etí Ọ̀sà Bàrígà

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilé kan sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Bàrígà, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra dà lọ sí etí ọ̀sà. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé ká gbẹ́ kòtò tó jìn dé ọrùn, ká fi oparun tẹ́ orí rẹ̀, ká fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, ká da iyẹ̀pẹ̀ lé e, ká wá máa gbé inú rẹ̀ bí òkété. Kòtò náà kò tíì jìn dé orúnkún tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti ìsàlẹ̀. Ìyá àgbà jáde síta, wọ́n wo ṣọ́bìrì, wọ́n wo àwa náà. “Ilẹ̀ ta lẹ ń gbẹ́ yẹn? Ta ló kú?”

Mo ti di àgbà kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè yẹn jìn ju kòtò wa lọ. Lédè wa, òkú ló ni abẹ́ ilẹ̀. Àgbà tó bá lọ, a ní ó wọ káà ilẹ̀. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ pàápàá, àjà ilẹ̀ la ń pè é, bẹ́ẹ̀ òkè orí la mọ àjà sí, inú àjà náà sì ni ọba ń wọ̀ nígbà tó bá wàjà. Ẹ tún gbọ́ èyí: yàrá ni ibi tí a ń sùn, yàrà ni kòtò gígùn tí a gbẹ́ yí ìlú ká nítorí ogun. Ohùn kan péré ló yà wọ́n. Àwọn baba wa mọ yàrà í gbẹ́ dáadáa. Ẹrẹdò Ṣùǹgbọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká gùn ju kìlómítà 160 lọ, ibòmíràn sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí òkìtì rẹ̀ tó mítà 20. Ọ̀tá ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Wọn ò sùn nínú rẹ̀.

Ta ló wá kọ́kọ́ sọ yàrà di yàrá?

Òtútù ni. Ní Dolní Věstonice, ní ilẹ̀ Czech, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ipasẹ̀ àgọ́ àwọn ọdẹ tó ti lé ní 25,000 ọdún, tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ wọnú díẹ̀. Àwọn ará Jàpáànù ìgbà àtijọ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ gidi. Ní Sannai Maruyama, tí àwọn ènìyàn ti ń gbé láti nǹkan bí 5,900 ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n hú jáde: kòtò tí kò jìn púpọ̀, òpó nínú rẹ̀, iná láàárín, òrùlé koríko tó sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè á rò pé òrùlé lásán ló dá dúró sínú oko.

Èyí tó wù mí jù ni ti Mesa Verde ní Amẹ́ríkà. Láti nǹkan bí ọdún 550 làwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń gbé inú kòtò. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé sókè bíi ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n wọn ò dí kòtò àtijọ́ náà. Wọ́n sọ ọ́ di ilé ìsìn, kiva ni orúkọ rẹ̀. Ihò kékeré kan máa ń wà nílẹ̀ kiva, ìtàn wọn sì ni pé irú ihò bẹ́ẹ̀ làwọn baba ńlá wọn gbà jáde sáyé. Àwa sọ pé orí ẹ̀wọ̀n ni Odùduwà gbà sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run sí Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó ti inú ilẹ̀ jáde, tó bá padà wọ ibẹ̀, ilé ló lọ. Àwa tí a ti òkè bọ̀ ńkọ́? Èrò tèmi nìyẹn o, mi ò sọ pé Ifá ló wí.

Ohun tó mú kí kòtò dára fún wọn kò ṣòro í yé. Bí ènìyàn bá gbẹ́lẹ̀ lọ sí mítà mélòó kan, ooru ilẹ̀ kì í yí padà mọ́ bíi ti òkè. Ó máa ń sún mọ́ ìdajì ọ̀nà láàárín ooru ẹ̀ẹ̀rùn àti òtútù ìgbà yìnyín ibẹ̀. Nítorí náà, bí òtútù bá ń pa ará òkè, ara ẹni tó wà nísàlẹ̀ á móoru díẹ̀. Bí oòrùn aṣálẹ̀ bá sì ń jó ẹni tó wà lókè, ìsàlẹ̀ á tutù. Ìdí nìyí tí àwọn ará Matmata ní Tùnísíà fi gbẹ́ kòtò gbàràmù bí agbo ilé, tí wọ́n sì gbẹ́ yàrá wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Ẹ wá gbé ìṣirò yìí wá sí Èkó. Ooru tiwa lọ́dún yí nǹkan bíi 27 ká lórí ìwọ̀n Celsius, lóṣù Ẹrẹ́nà àti lóṣù Ògún, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ lọ sísàlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, 27 yẹn náà ló máa bá níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rinrin.

Bí ilé yìí ṣe di ohun àgọ́ àti eré, ọ̀dọ̀ àwọn aláìní àti ológun ló ti wá. Lọ́dún 1862, ọdún kan lẹ́yìn tí ọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé ẹni tó bá lè gbé lórí ilẹ̀ kan ní ìwọ̀ oòrùn fún ọdún márùn-ún, tó sì dá oko sí i, á gba éékà 160. Pápá ni ibẹ̀, kò sí igi. Ni àwọn ìdílé bá gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, wọ́n gé ilẹ̀ pẹ̀lú koríko orí rẹ̀ bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n tò ó síwájú ihò náà bí ògiri. Ejò a máa já bọ́ láti òrùlé sórí ibùsùn. Lójú ogun náà, bákan náà ni. Ní Mafeking, ní gúúsù Áfíríkà, tí àwọn Boer, àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun, dó tì fún ọjọ́ 217 láti ọdún 1899 sí 1900, inú kòtò tí wọ́n fi igi àti iyẹ̀pẹ̀ bò ni àwọn obìnrin àti ọmọdé ti ń sá fún ọta àgbá. Ọ̀gágun tó di ìlú náà mú, Baden-Powell, òun ló kó àwọn ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí Brownsea Island lọ́dún 1907, tí ẹgbẹ́ Síkáòtù fi bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1915 ni ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà, Èkó ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ dá a sílẹ̀.

Ó dé ìlú tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ àgọ́. Bẹ́ẹ̀ làwọn Bìní wí, pé èkó ni wọ́n ń pe ibùdó ogun lédè wọn. Àwọn Àwórì ní oko ni, oko ata Arómirẹ́. Mi ò ní í dá sí ìjà yẹn.

Lónìí, orí fóònù ni àwọn ọmọ àdúgbò wa ti ń rí ilé abẹ́ ilẹ̀: ọkùnrin méjì tí wọn ò wọ bàtà, tí wọ́n fi igi mímú gbẹ́ ààfin àti odò ìlúwẹ̀ẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọwọ́ ti tẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn pé katapílà ló ń gbẹ́lẹ̀ bí kámẹ́rà bá ti kúrò. Iṣẹ́ náà kì í ṣe eré rárá. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí omi kì í dúró sí ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ sí. Igi tó ní pàlàkà ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ bí ẹkẹ́, wọ́n á gbé ìtì igi kan lé e, wọ́n á to ọ̀pá wẹ́wẹ́ sí i lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn èyí lohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Ní Nọ́wè, èèpo igi birch ni, kí wọ́n tó wá gbé ilẹ̀ pẹ̀lú koríko rẹ̀ lé e. Ibí yìí ni ẹ̀mí ti ń bọ́. Bí òrùlé bá fẹ̀ ní mítà mẹ́ta sí mẹ́ta, tí iyẹ̀pẹ̀ orí rẹ̀ sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, bí òjò bá ti rin ín, ó wúwo ju ogójì àpò sìmẹ́ǹtì lọ. Ẹ fojú inú wo ogójì àpò lórí ọ̀pá wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá tún dáná nínú rẹ̀ láìlu ihò èéfín, ojú oorun ló máa gbà lọ. Ní Shaanxi ní Ṣáínà, níbi tí àìmọye ènìyàn ń gbé inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sí òkè erùpẹ̀, ilẹ̀ mì lọ́dún 1556. Iye tí wọ́n ṣírò pé ó kú tó 830,000.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ẹ wo bí wọ́n ti ń mọ ilé amọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á gbẹ́lẹ̀, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó títí á fi rọ̀, wọ́n á wá máa mọ ọ́n ní ipele ipele, èyí tó wà nísàlẹ̀ á gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Kòtò tí wọ́n ti wa amọ̀ yẹn á sì wà lẹ́yìn ilé, bó pẹ́ bó yá, ó di ààtàn. Kòtò kan náà ni gbogbo ayé gbẹ́. Ẹni tí òtútù ń pa bọ́ sínú rẹ̀, ó fi amọ̀ borí. Àwa kó amọ̀, a fi kòtò sílẹ̀ fún ìdọ̀tí.

Mákòkó tún wá yí i padà pátápátá. Àwọn Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ tó ń gbé ibẹ̀ ri igi mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà, wọ́n tẹ́ pákó lé e, ọkọ̀ ojú omi ń kọjá lábẹ́ ibi tí ènìyàn ń sùn. Níbi tí omi kò ti jìn, wọn kì í gbẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń ṣe ilẹ̀: èéfọ́ pákó tí ayùn máa ń tú jáde tẹ́lẹ̀ ní ibi ìlagi Òkóbàbá, pẹ̀lú pàǹtírí, ni wọ́n dà sómi títí ẹsẹ̀ fi lè tẹ̀ ẹ́. Mo mọ ibi tí ọjà ń ná lórí èéfọ́ pákó báyìí.

Ní ti kòtò tiwa, a ò dí i bí ìyá àgbà ṣe pàṣẹ. Òjò dé, ó kún. Kí ọdún náà tó parí, pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò wa kan ti sọ ọ́ di tirẹ̀, òun àti ọmọ mẹ́fà, bí a bá sì sún mọ́ ọn, ó ń lé wa.