Ọyún dídì: ohun tó ń sé ojú adìyẹ tó ní àrùn ojú

Bí ojú adìyẹ bá wú, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, tí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ìyeyè kan sì sé sábẹ́ rẹ̀, orúkọ mẹ́ta ni mo ti rí tí àwọn tó ń kọ̀wé lórí ohun ọ̀sìn ń pè é, kò sì sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn kan ní àpólò ni, àwọn kan ní ìpin ni, àwọn tí kò lè ṣe kí wọ́n má tú èdè Òyìnbó ní ṣákálá sì ń pè é ní wàrà ojú. Ọyún dídì ni èmi ń pè é, nítorí pé orúkọ tí ènìyàn bá fún un ló ń darí ọwọ́ tó fi ń tọ́jú rẹ̀.

Àrùn ojú ènìyàn kan tó bẹ́ sílẹ̀ ní Ghana ní ọdún 1969, ọdún kan náà tí Apollo 11 gbé ènìyàn dé orí òṣùpá, ló bí orúkọ àpólò. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ìyẹn. Ojú á pọ́n, á máa da omi, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á sì lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá pe ti adìyẹ ní àpólò yóò jókòó, yóò máa retí kí ó lọ, títí ojú náà yóò fi fọ́. Ìpin ńkọ́? Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà ń nu ìpin kúrò lójú láàárọ̀. Ní ti wàrà, n kò tilẹ̀ fẹ́ fi ẹnu bà á. Àwọn kan ti takò mí pé ọyún kì í dì, pé ńṣe ló ń ṣàn. Òótọ́ ni, lára ènìyàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa ní àwọn èròjà tó ń yọ́ òkú ẹran ara di omi, ṣùgbọ́n irú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn lára ẹyẹ kò ní myeloperoxidase, tó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Nítorí náà, ọyún adìyẹ dà bí ìda àbẹ́là tó kán sílẹ̀: kò pẹ́ tó fi ń le, ó sì ń gba ìrísí ibi tó dì sí. Bí ẹ bá yọ ọ́ jáde, ẹ ó rí i pé ó tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyinjú ṣe yọ.

Ohun tó bá dì kò ṣeé fi abẹ́rẹ́ tú bí eéwo, oògùn tí ẹ bá sì kán lé e lórí kò lè dé abẹ́ rẹ̀. Rírọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rọ̀ ọ́. Ẹ po iyọ̀ gíráàmù 9 mọ́ lítà kan omi tí ẹ ti sè, kí ẹ jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ fi aṣọ wé adìyẹ náà kí ó má baà gbọn apá, ṣùgbọ́n ẹ má fún un láyà, nítorí gbígbé tó ń gbé àyà yẹn sókè sódò ló fi ń mí. Ẹ tẹ́ òwú tí ẹ ti rẹ sínú omi iyọ̀ náà lé ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Nígbà tí etí ọyún náà bá ti ń gbé, ẹ fi òwú tútù mìíràn yí i jáde díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ṣì lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ ó rí tó ń gbá kọjá lórí ẹyinjú láti ìhà imú, ìpéǹpéjú kẹta rẹ̀ ni. Ẹ má fà á. Bí ó bá jẹ́ èépá dúdú ló wà létí ojú àti lára ogbe, ẹ má ṣí i, nítorí fáírọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì kán oògùn ojú tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù sí i, nítorí bí ẹyinjú bá ti bó, ọgbẹ́ náà yóò jinlẹ̀ sí i.

Ẹ yà á sọ́tọ̀ síbi tí kò sí eruku, ẹ gbé oúnjẹ àti omi sí ìhà ojú tó ṣì ríran, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn lẹ́yìn àwọn tí ara wọn le. Lẹ́yìn náà, ẹ lóṣòó sínú ilé adìyẹ yín. Bí ojú yín bá ta yín níbi tí orí adìyẹ máa ń wà, amóníà inú ìgbẹ́ wọn ti pọ̀ jù. Àìtó fítámì A náà lè fà á. N kò ní dá ara mi lágara lórí ìyàtọ̀ Mycoplasma àti kọ̀ráísà, àrùn adìyẹ méjì tí bakitéríà ń fà, nítorí dókítà ẹranko ni yóò yan oògùn apakòkòrò, tí yóò sì sọ iye ọjọ́ tí ẹ kò fi ní jẹ ẹyin.

Bí adìyẹ tí ojú ń dùn bá ju ẹyọ kan lọ, tí wọ́n ń mí hàrà-hàrà, tí orí ń wú tàbí tí wọ́n ń kú lójijì, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ìpéǹpéjú bá sì ti mọ́ ṣùgbọ́n tí abẹ́ ojú ṣì yọ gọnbu, ihò tó so mọ́ imú lábẹ́ ojú ni ọyún ti dì sí. Omi iyọ̀ kò lè dé ibẹ̀, dókítà ni yóò là á.