Lítà mẹ́rin lóòjọ́: ìṣirò ọmọ màlúù tí kò pé

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Ẹni tó ń sin màlúù oníwàrà á jókòó, á ní: "Lítà tí ọmọ màlúù bá mu, lítà tí mi ò rí tà nìyẹn. Ẹ dín in kù, owó á wọlé." Àwọn tó wà níbẹ̀ á sì máa mirí. Ìṣirò náà rọrùn débi pé kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ni ọmọ màlúù ọ̀hún ń fi wàrà náà ṣe.

Wàrà àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́yìn ìbímọ kọ́ ni mo ń bá jà. Ibẹ̀ ni ọmọ màlúù ti ń rí ohun tó ń gbà á lọ́wọ́ àrùn, ìfun rẹ̀ kì í sì í fà á mọ́ra mọ́ tí wákàtí 24 bá ti kọjá. Ẹni tó bá ń ṣahun níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ti kọjá ìṣirò. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mò ń sọ, níbi tí àṣà àtijọ́ ti ní kí wàrà òòjọ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara ọmọ màlúù: lítà mẹ́rin tàbí díẹ̀ sí i fún èyí tó tẹ̀wọ̀n kílò 45.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń fò kọjá. Kí ọmọ màlúù tó fi gíráàmù kan kún ara, ó ní owó ilé tó gbọ́dọ̀ san lójoojúmọ́. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ móoru, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí po, ó gbọ́dọ̀ mí, kó sì dìde dúró. Níbi tí òtútù kò sí, owó ilé ọmọ màlúù kílò 45 tó bíi lítà wàrà méjì àbọ̀. Ẹ fún un ní lítà mẹ́rin, lítà kan àbọ̀ ló ṣẹ́ kù tó lè fi dàgbà. Ẹ fún un ní mẹ́jọ, márùn-ún àbọ̀ ló ṣẹ́ kù. Ẹni tó sọ wàrà di ìlọ́po méjì ti sọ ohun ìdàgbàsókè di ìlọ́po mẹ́rin, díẹ̀ ló kù. Ahun náà san owó ilé kan náà, kò kàn rí bíríkì tó pọ̀ rà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Tí òtútù bá wá mú, owó ilé á gbówó lórí, lítà mẹ́rin á sì di oúnjẹ má-kùú. Ẹ bi í pé lítà mélòó ló ná lórí kílò ẹran kọ̀ọ̀kan tó kún ara ọmọ màlúù rẹ̀. Sánmà ló máa wò.

Wọ́n á ní ebi á jẹ́ kó tètè jẹ oúnjẹ oníhóró, tó rọ̀ lówó ju wàrà lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí oúnjẹ oníhóró ló ń mú àpò ikùn ńlá tó fi máa lo koríko dàgbà. Wàrà kì í gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ebi pa á o, ebi kò pa á o, ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ ló ń jẹ. Ebi kì í mú ikùn gbó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Àwọn tó ń sin màlúù fún ẹran tún ní tiwọn: ọmọ ń mu ọmú ìyá rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Oyún màlúù tó bí ọjọ́ 283. Kó tó lè máa bímọ lọ́dọọdún, ó gbọ́dọ̀ tún lóyún láàárín nǹkan bí ọjọ́ 82 lẹ́yìn ìbímọ. Ọmú tí ọmọ ń mu sì wà lára ohun tó ń mú kó pẹ́ kó tó tún máa wá akọ, pàápàá tí ìyá bá rù. Ta ló kọ ìyẹn sínú ìwé owó?

Ṣé wàrà púpọ̀ máa ń mú èrè wá nígbà gbogbo ni? N kò lè búra. Ìwádìí kan láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2012, fi hàn pé bí abo ọmọ màlúù bá ṣe ń dàgbà sí kí wọ́n tó gbà á lẹ́nu wàrà ni wàrà tó ń fún lẹ́yìn ìbímọ àkọ́kọ́ ṣe ń pọ̀ sí. Agbo màlúù mìíràn kò fi èrè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ hàn. Abo náà yóò sì tó bí oṣù 24 kó tó bí. Èyí tó bá kú tàbí tí wọ́n tà ṣáájú ìgbà náà kò ní dá nǹkan kan padà. Akọ tí wọ́n máa tà lọ́sẹ̀ kejì ńkọ́? Bóyá ahun jàre níbẹ̀, lórí ìwé. Lórí abo tí ẹ máa tọ́jú, mo gbà pé lítà mẹ́fà sí mẹ́jọ tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má fò láti mẹ́rin sí mẹ́jọ lọ́jọ́ kan, ẹ má sì já a gbà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ara á kọ̀ ọ́. Wàrà màlúù tó ń gba abẹ́rẹ́ apakòkòrò, tí ẹ kò lè tà, ẹ má sọ ọmọ màlúù di ààtàn rẹ̀. Ẹ fọ garawa. Tí ẹ bá sì tún fẹ́ bá mi jiyàn owó, ẹ mú ìwọ̀n ara ọmọ màlúù náà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i àti lọ́jọ́ tí ẹ gbà á lẹ́nu wàrà dání.