Àmì tó wà lára ion kì í ṣe ìwà rẹ̀

Bí ẹ bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń polówó páàdì nǹkan oṣù tàbí ẹ̀gbà ọrùn "negative ion" rí, ẹ ó ti gbọ́ ọ: ion negative ń fúnni lókun, ó ń pa kòkòrò, ion positive ló ń kó àárẹ̀ bá ara. Àwọn èèyàn ń tìtorí ọ̀rọ̀ yìí náwó tí wọn ò rí ná, ó sì ń dùn mí, torí kẹ́mísírì kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Atom ni ègé tíntìntín tí gbogbo nǹkan fi wà; bí electron rẹ̀ bá dín tàbí tó lé, ó di ion. Iye electron ni àmì positive (+) tàbí negative (−) yẹn ń sọ fún wa, kò sọ ju ìyẹn lọ.

Atom ní proton ní àárín gbùngbùn rẹ̀, electron sì ń bẹ yí i ká. Proton ló ní àmì ìròpọ̀ (+), electron ló ní àmì àyọkúrò (−). Bí iye wọn bá dọ́gba, atom náà kò ní àmì kankan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé ion tó ní àmì ìròpọ̀ ti gba nǹkan kún tirẹ̀ ni. Ó ti pàdánù ni o. Electron dà bíi gbèsè: ẹni tó bá bọ́ ọ kúrò lọ́rùn lówó rẹ̀ ń gbérí, ẹni tó bá gbà á rù ni tirẹ̀ ń lọ sílẹ̀.

Ẹ wo iyọ̀ ọbẹ̀. Sodium ní proton 11 àti electron 11. Tó bá pàdé chlorine, á fi electron kan sílẹ̀. Electron ku 10, proton ò yẹsẹ̀, ó di Na⁺. Chlorine tó ní 17 á gba ẹyọ kan yẹn, electron rẹ̀ á di 18, ó di Cl⁻. Sodium yìí, kó tó di ion, irin rírọ̀ tí ọ̀bẹ lè gé ni, tó sì ń gbiná bí omi bá kàn án. Chlorine ni gáàsì olóró tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres, ìlú kan ní Belgium, lọ́dún 1915. Electron kan ṣoṣo ló tọwọ́ ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì, la bá ń bù wọ́n sọ́bẹ̀. Àwọn méjèèjì ló sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa.

Àmì kan náà lè wà lára ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá. Ca²⁺, ìyẹn ion calcium tó ti pàdánù electron méjì, ló ń mú kí egungun le. Pb²⁺, ìyẹn ion òjé, gbé irú àmì kan náà, ọ̀nà tí Ca²⁺ ń gbà wọ ara lòun náà sì ń bá wọlé lọ ba ọpọlọ jẹ́. Eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Zamfara lọ́dún 2010. Lápá àyọkúrò, F⁻ (fluoride) inú ọṣẹ ìfọyín ń dáàbò bo eyín, CN⁻ (cyanide) sì ni oró tó mú ká máa rẹ ẹ̀gẹ́.

Ẹ̀gbà ọrùn tí kò ní bátìrì, báwo ló ṣe fẹ́ máa tú ion jáde tọ̀sán-tòru? Nínú àwọn kan, thorium tàbí uranium, àwọn irin tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀. Ìtànṣán wọn á gbá electron kúrò lára afẹ́fẹ́. Èyí tó pàdánù á di positive, èyí tí electron náà lọ lẹ̀ mọ́ á di negative, kò sì sí bí ọ̀kan ṣe lè wáyé láìsí èkejì. Ní December 2021, ìjọba Netherlands fòfin de irú ọjà bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọdé àti ìbòjú tí wọ́n fi ń sùn wà nínú wọn. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní in má wọ̀ ọ́ mọ́, kó tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò ti ní léwu. Bí ti yín bá wà lọ́rùn, ẹ bọ́ ọ lónìí, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má sun ún, ẹ má sì jẹ́ kọ́wọ́ ọmọdé tó o.