Sang àti Drove Kò Rú Òfin Kankan

Pé walk ń di walked tí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ti kọjá, ìyẹn kì í da ẹnikẹ́ni láàmú. Ohun kan péré ló yẹ kí etí mú níbẹ̀: -ed kan náà là ń kọ, àmọ́ ìró mẹ́ta ló ní. T là ń pè nínú walked, d nínú played, ti wanted sì di sílébù kan lọ́tọ̀. Ìró tó bá gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń pinnu èyí tó máa jẹ́. Ó parí.

Ọ̀dọ̀ sing, sang, sung ni iṣẹ́ wà. Ìwé gírámà á kó irú wọn sí ojú ewé ẹ̀yìn, á tò wọ́n láti A dé Z, á ní wọn kò tẹ̀lé òfin, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa há wọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀sùn yẹn ló ń bí èèyàn nínú. Òfin wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ dàgbà ju -ed lọ.

Kí Gẹ̀ẹ́sì tó ya kúrò lára àwọn ìbátan rẹ̀ bíi èdè Jámánì ni wọ́n ti ń pààrọ̀ fáwẹ̀lì àárín ọ̀rọ̀ láti fi hàn pé nǹkan ti kọjá. Ẹ wo drink, drank, drunk. Swim, swam, swum. Begin, began, begun. I, a, u, bákan náà ní gbogbo ìgbà. Drive, drove, driven náà ní ẹbí tirẹ̀, ride àti write sì wà níbẹ̀. Àwọn ará Jámánì ṣì ń sọ singen, sang, gesungen. Àfikún tó wá di -ed lónìí ló dé gbẹ̀yìn, àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fi í sí. Nígbà tí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun England ní 1066, tí ọ̀rọ̀ Faransé wá ń rọ́ wọlé, -ed ló gba ọ̀pọ̀ wọn. Títí di òní, òun náà ni ọ̀rọ̀ tuntun ń gbà: googled ni gbogbo ayé ń sọ.

Àwọn kan tiẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀yìn ìwé yẹn tí wọn kì í ṣe ara ẹbí àtijọ́ rárá. Irú àfikún tí walk ń gbà ni keep náà ń gbà. Kọ́ńsónáǹtì méjì tó pàdé nínú kept ló gé fáwẹ̀lì rẹ̀ kúrú.

Kí ló wá dé tí àwọn kan fi dúró, tí àwọn yòókù tẹrí ba fún -ed? Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́, koríko kì í hù ú. Be, have, do, go, say, see, take, get: kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì fún wákàtí kan tí kò ní gba ojú ọ̀nà wọn kọjá. Èyí tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ mọ́, igbó bò ó, ẹni tó bá sì débẹ̀ tí kò rí ọ̀nà á gba títì -ed. Àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Harvard kà á ní 2007: nínú 177 irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n mú láti inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, 98 ló ṣì dúró. Wọ́n rí i pé èyí tí wọ́n ń lò ní ìlọ́po 100 kéré sí òmíràn máa ń tètè yí sí -ed ní ìlọ́po 10.

Ọmọdé pàápàá ń fi èyí hàn. Á kọ́kọ́ sọ went bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, nígbà tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ goed, kó tó tún padà sí went. Goed yẹn kì í ṣe ìfàsẹ́yìn. Ọmọ náà ti dá òfin -ed mọ̀ fúnra rẹ̀.

Àmọ́ went gan-an kò bá ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti koríko yìí lọ. Ēode ni Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń lò fún go tó ti kọjá, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń sọ ọ́. Síbẹ̀ wọ́n pa á tì, wọ́n gba went lọ́wọ́ wend, ọ̀rọ̀-ìṣe míì tó jẹ mọ́ lílọ, wend sì lọ wá wended fún ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ń ti apá kan lọ sí èkejì nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ snuck dípò sneaked, dove dípò dived. Nínú Bíbélì King James ti 1611, holpen wà fún help, digged sì wà fún dig. Lónìí, helped la ń sọ, dug la sì ń sọ.